Mo Sùn o, Ẹ Bá Mi Dúpẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi yin Olúwa o. Mi ò ní parọ́ fún yín, àbúrò mi tí mò ń tọ́jú ṣì ń lo oògùn, ó ṣì ń gbọ́ ohùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ̀rí ìwòsàn kọ́ ni mo wá jẹ́. Oorun ni mò ń torí ẹ̀ dúpẹ́. Fúráìdé tó kọjá mo sùn láago mẹ́sàn-án alẹ́, aago méje àárọ̀ ni mo tó jí.

Ọdún 6 rèé tí wọ́n ti ní schizophrenia, àìsàn ọpọlọ tó ń jẹ́ kó máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, ló ń ṣe é. Ọmọ ọdún 21 ni nígbà yẹn, dókítà ní bí ọjọ́ orí yẹn ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Màmá wa ti dàgbà, ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ń gbé ọ̀nà jíjìn, owó ló máa ń fi ránṣẹ́, ló bá ku èmi. Bí mo ṣe di nọ́ọ̀sì nìyẹn, tí mo tún di ọlọ́pàá, tó sì jẹ́ pé lójú tiẹ̀, mo tún di ẹni tó fẹ́ fún un ní májèlé jẹ.

Ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń sùn, màá so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn ọwọ́ kó má baà jáde lóru, tí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ bá ti dún báyìí, ojú mi ti là. Ilẹ̀ mọ́, ó di ìjà oògùn. Á fi sábẹ́ ahọ́n, á mu omi lé e, á tún la ẹnu fún mi wò. Ọjọ́ tí mo gbé fóòmù ẹ̀ sókè, hóró 31 ni mo bá níbẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ mò ń kà á bí ẹni ń ka owó. Ẹ má rò pé ọgbọ́n àrékérekè ni o, àìsàn yẹn gan-an kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀ pé ara àwọn ò yá, ta ló sì fẹ́ lo oògùn àìsàn tí kò ṣe é?

Èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí, mi ò tíì sọ ọ́ rí. Agara dá mi débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra ẹ̀. Ọmọ ìyá mi! Á máa sunkún, màá kàn máa wò ó, àánú ti gbẹ nínú mi pátápátá. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo gbàdúrà pé kó má jí, mo sì ṣe àmín. Nígbà tó di aago méjì òru mo dìde, mo lọ gbé ọwọ́ lé àyà ẹ̀ bóyá ó ṣì ń mí, mi ò kúrò níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nígbà tá a padà lọ rí dókítà, nọ́ọ̀sì kan fún mi ní fọ́ọ̀mù, mo ti ń kọ orúkọ àbúrò mi sí i, ó ní rárá mà, orúkọ tiyín ni. Ìbéèrè 22 ni, Zarit ni wọ́n ń pè é, òun ni wọ́n fi ń wo bí ẹrù ṣe wúwo tó lórí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. Ọ̀kan ń béèrè pé ṣé inú máa ń bí mi tí mo bá wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Mo ní háà, ó ti ṣe ẹlòmíì rí nìyẹn, tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé! Máàkì 88 ló wà níbẹ̀, mo gba 67. Mi ò gba irú ẹ̀ rí nílé ìwé.

Látìgbà yẹn wọ́n ti yí oògùn ẹ̀ sí abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ìjà àràárọ̀ tán nìyẹn. Mo wá pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ní ẹ ṣé fún owó, àmọ́ owó ò lè ṣọ́ ilẹ̀kùn. Ó kọ́kọ́ bínú, ó sì wá.

Nígbà tí mo jí láàárọ̀ Sátidé yẹn, òun ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà níbi tí mo máa ń sùn sí, ojú ẹ̀ pọ́n kankan. Ó ní ṣé bó ṣe ń rí fún ẹ láti ọdún 6 nìyí? Mo ní ẹ lọ sùn, ẹ kó kọ́kọ́rọ́ fún mi. Ó ní rárá, ó di Sọ́ńdè.

Olúwa, mo dúpẹ́ o.