Láti Emerson dé Berry: bí a ṣe yan ẹgbẹ́ baseball fún ọmọ wa

Emerson kì í ṣe ìlú tí ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Georgia máa ń dárúkọ lóde àríyá. Ìlú kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà I-75, nǹkan bí ogójì máìlì sí Atlanta lápá àríwá, nítòsí adágún Allatoona. Àmọ́ bí ọmọ yín bá ń gbá baseball, bó pẹ́ bó yá, ẹ ó débẹ̀, torí ibẹ̀ ni LakePoint wà: pápá baseball mẹ́jọ tí wọ́n fi koríko àtọwọ́dá tẹ́, níbi tí Perfect Game, ilé iṣẹ́ tó ń ṣètò ìdíje baseball, ti ń kó ẹgbẹ́ àwọn ọmọ jọ láti ìpínlẹ̀ káàkiri nígbà ooru. Lawrenceville la ti gbéra láàárọ̀ kùtù, kí ọ̀nà I-285 tó dí. Kúlà omi wà lẹ́yìn ọkọ̀, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wà nínú fúláàsì, ọmọ ń sùn.

Ohun tó gbé wa lọ ni pé kóòṣì ẹgbẹ́ travel ball kan, ìyẹn ẹgbẹ́ aládàáni tí òbí ń sanwó fún, tó ń rìnrìn àjò lọ sí ìdíje káàkiri, ti ń pè wá láti ìgbà ìrúwé. Ọmọ mi pé ọdún mẹ́rìnlá. Láti kékeré ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní páàkì àdúgbò wa ní Gwinnett, níbi tí àwọn bàbá ọmọ fúnra wọn ti ń ṣe kóòṣì, tí àwọn ìyá ń ta omi àti họ́ọ́dọ̀ọ̀gì lẹ́bàá pápá, tí ọmọ olówó àti ọmọ agbálẹ̀ jọ ń wọ ẹ̀wù kan náà. Kóòṣì yìí ní bí ọmọ náà bá fẹ́ kí yunifásítì rí òun, àfi kó kúrò níbẹ̀. Owó tó bù lé wa ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là lọ lọ́dún, láì ka hòtẹ́ẹ̀lì, epo ọkọ̀ àti oúnjẹ. Bàbá rẹ̀ ní ká má tíì dáhùn, ká kọ́kọ́ lọ fojú ara wa rí i. Wọ́n gbà kó bá wọn gbá láti ọjọ́ Ẹtì títí dé ọjọ́ Àìkú.

Ooru orí koríko yẹn ju ooru orí títì lọ. Ẹ gbé àga tiyín, ẹ gbé agboòrùn, ẹ sì mú owó ìwọlé dání. Ẹ̀yìn àwọ̀n ni àwọn kóòṣì yunifásítì máa ń jókòó sí. Ẹ ó dá wọn mọ̀: ṣẹ́ẹ̀tì tí àmì ilé ìwé wà láyà rẹ̀, fìlà, ìwé kékeré, àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn bí bọ́ọ̀lù ṣe yára tó. Bí ọmọ tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù bá ti gbé ẹsẹ̀ sókè, gbogbo ẹ̀rọ yẹn ló máa dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wo ẹ̀yìn àwọ̀n ní pápá tiwa, àwa òbí nìkan ló wà níbẹ̀. Mo rìn lọ sí pápá àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, wọ́n pọ̀ níbẹ̀ bí eṣú.

Òfin NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì ní Amẹ́ríkà, ló fà á. Láti 2023, kóòṣì baseball ní Division I, ìpele tó ga jù nínú mẹ́ta tí NCAA ní, kò gbọdọ̀ bá ọmọ sọ̀rọ̀ nípa wíwá sí ilé ìwé wọn, àfi bó bá di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ tó ṣáájú kíláàsì kọkànlá. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ kíláàsì kẹsàn-án ni. Owó ọdún yìí àti ti ọdún tó ń bọ̀, ojú ẹni tí òfin ò tíì jẹ́ kó lanu bá wa sọ̀rọ̀ la fẹ́ fi rà.

Ẹ̀gbọ́n kan ará Ìjẹ̀bú, tí ọmọ tiwọn ń lọ sí kíláàsì kọkànlá, ló là mí lóye síwájú sí i. Mo gbọ́ tí wọ́n ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo lọ kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n sì fún mi ní àga. Wọ́n ní, “Àbúrò mi, oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún ni ilé ìwé girama máa ń gbá bọ́ọ̀lù ní Georgia níbí. Ìgbà yẹn náà ni yunifásítì ń gbá tiwọn. Kóòṣì tó ní ìdíje lọ́wọ́ ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, ìgbà wo ló fẹ́ wá wo páàkì Gwinnett? Ìgbà ooru lọwọ́ wọn máa ń dilẹ̀, ibi tí ẹgbẹ́ bá sì pọ̀ sí lójú kan ni wọ́n ń lọ.” Mo wá rí i pé travel ball ní iṣẹ́ gidi tó ń ṣe fún ọmọ tó ti dàgbà tó o. Àwọn náà ló sọ̀rọ̀ Demi Orimoloye fún mi, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó, tó dàgbà sí Ottawa ní Kánádà, tí Milwaukee Brewers, ẹgbẹ́ baseball olówó oṣù ní Amẹ́ríkà, sì yàn ní 2015. Ọmọ mi ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo rí ohun tó dùn mí. Ọmọ kan nínú ẹgbẹ́ mìíràn, ẹgbẹ́ ọmọ mi lọ́jọ́ orí, ti ju bọ́ọ̀lù tó lé ní àádọ́rin lọ́jọ́ Ẹtì, kóòṣì rẹ̀ sì tún ní kó bọ́ sójú pápá kó máa jù. Ìyá rẹ̀ dìde lẹ́bàá àwọ̀n, ó ní ọmọ òun ò ní jù. Ọkàn mi wà pẹ̀lú obìnrin yẹn. Pitch Smart, ìlànà tí MLB (líìgì baseball tó ga jù ní Amẹ́ríkà) àti àjọ USA Baseball gbé jáde ní 2014, sọ pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kò gbọdọ̀ ju bọ́ọ̀lù tó lé ní 95 lọ́jọ́ kan, àti pé bó bá ti jù tó 66, ọjọ́ mẹ́rin ni kó fi sinmi. Ó tún ní kí ọmọ yé ju bọ́ọ̀lù nínú ìdíje fún oṣù mẹ́rin, ó kéré tán, lọ́dún. Iṣẹ́ abẹ ìgúnpá tí Dókítà Frank Jobe kọ́kọ́ ṣe fún Tommy John, agbá-baseball kan, ní 1974, àwọn ọmọ ilé ìwé girama náà ti ń ṣe é báyìí. Ẹ bá mi ka bọ́ọ̀lù tí ọmọ yín ń jù. Ẹ má tijú kóòṣì.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ọmọ tó bá ti dé Division I ti bọ́ lọ́wọ́ owó ilé ìwé nìyẹn. Títí di 2025, sikọ́láṣíìpù 11.7 péré ni ẹgbẹ́ baseball ní Division I lè fúnni, wọ́n á sì gé e wẹ́wẹ́ fún àwọn ọmọ. Láti ọdún ìdíje 2025–26, yunifásítì tó bá wọ inú àdéhùn NCAA tí ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí lè fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lówó, àmọ́ ọmọ 34 ni ẹgbẹ́ náà ò gbọdọ̀ ju lọ. Àwọn àgbà tó ń ti yunifásítì kan bọ́ sí òmíràn náà ń du ààyè yẹn. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ń gbá baseball ní ilé ìwé girama, àwọn tó ń gbá a dé NCAA, Division mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀, kò tó mẹ́wàá.

Nígbà tí ìdíje parí, a ò tíì yíjú sílé. A gba ọ̀nà Rome lọ wo Berry College. Ilẹ̀ ilé ìwé náà tó 27,000 éékà, àgbọ̀nrín ń jẹko lẹ́bàá ọ̀nà láìbẹ̀rù ọkọ̀. Division III ni wọ́n, Division III kì í sì í fún ọmọ ní kọ́bọ̀ nítorí bọ́ọ̀lù. Ìwé tí ọmọ mọ̀ ni wọ́n ń wò, àti bí agbára òbí ṣe tó. HOPE sì wà, sikọ́láṣíìpù tí owó lọ́tìrì Georgia ti ń gbé láti 1993: ọmọ ìpínlẹ̀ yìí tó bá fi GPA (máàkì ìwé rẹ̀ lápapọ̀) 3.0 parí ilé ìwé girama lè rí i gbà, ó sì lè ná an ní ilé ìwé aládàáni bíi Berry. Ẹni tó bá ní 3.7, tó tún ṣe dáadáa nínú ìdánwò SAT tàbí ACT, tiẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ mi wo pápá bọ́ọ̀lù wọn, ó wá bi mí bóyá èèyàn lè kọ́ nípa ẹranko níbẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn wà lára ohun tí wọ́n mọ ibẹ̀ sí. Inú rẹ̀ dùn ju ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù jáde ní Emerson lọ.

Inú ọkọ̀ la ti parí ọ̀rọ̀. Páàkì àdúgbò àti ẹgbẹ́ ilé ìwé rẹ̀ ló máa wà fún ọdún méjì yìí. Nínú owó tí a bá fi pamọ́ la ó ti san ti olùkọ́ ìṣirò, àti ti ìdálẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn yunifásítì fúnra wọn máa ń ṣe fún àwọn ọmọ. Bó bá kù díẹ̀ kó wọ kíláàsì kọkànlá, a ó wá ẹgbẹ́ travel kan tí ìdíje rẹ̀ kò jìnnà, tí kóòṣì rẹ̀ á fi iye bọ́ọ̀lù tí ọmọ bá jù hàn wá. Bàbá rẹ̀ pe kóòṣì tó ń dúró dè wá, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà ní ààyè lè má sí mọ́ nígbà yẹn. A gbà bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ pọ̀ ní Georgia.

Bí ọmọ tiyín bá ti ń parí kíláàsì kẹwàá, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ẹ wá ẹgbẹ́ báyìí. Ẹ béèrè ìdíje tí wọ́n máa lọ, ẹ béèrè yunifásítì tí àwọn ọmọ wọn ti wọ̀, kí ọmọ náà sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí kóòṣì ilé ìwé tó wù ú ṣáájú ìdíje, kó sọ pápá àti aago tí òun máa gbá. Kóòṣì tó ní pápá mẹ́jọ láti yí ká lọ́jọ́ kan, orúkọ tó ti rí nínú lẹ́tà ló máa kọ́kọ́ lọ wò.