Bí Olówó Ẹṣin Bá Jẹ Yín Ní Gbèsè: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ n'Íbàdàn

Iṣẹ́ ìtọ́jú ẹṣin ni mò ń ṣe, lápá Ẹlẹ́yẹlé níbí. Ẹni tó bá ra ẹṣin tí kò ní àyè nílé á mú un wá sọ́dọ̀ wa. A ń fún un ní bàbà, èérí ọkà àti koríko, a ń wẹ̀ ẹ́, a ń gé pátákò rẹ̀, olówó rẹ̀ á sì máa sanwó lóṣooṣù. Nígbà míì, owó á kàn dáwọ́ dúró. Ẹṣin ò mọ̀ pé wọn ò sanwó òun. Bílẹ̀ bá ti mọ́, á na ọrùn sórí igi ọgbà, á máa fi pátákò walẹ̀, oúnjẹ ló ń bèèrè.

Ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa tí a ń ṣiṣẹ́ yìí ni pé, "Kò séwu, ẹṣin rẹ̀ ṣáà wà lọ́wọ́ mi." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ẹṣin méjì ni wọ́n jẹ mí lówó lé lórí lásìkò kan náà. Ọ̀kan jẹ́ akọ pupa tí kò tíì gba gàárì rí. Wọ́n mú un wá ká kọ́ ọ ni. Máláàmù tó ń bá mi ṣiṣẹ́, ọmọ Kàtsínà, ló fi sùúrù kọ́ ọ títí ó fi gba ìjánu, tí ìró ìlù kò já a láyà mọ́. Èkejì jẹ́ abo funfun, jíjẹ àti mímu nìkan ló wá fún. Mo kó ìwé àwọn méjèèjì lọ bá lọ́yà kan ní Ìyágankú. Ó ní mo lẹ́tọ̀ọ́ láti di akọ pupa mú títí owó á fi pé, ṣùgbọ́n n kò lẹ́tọ̀ọ́ kankan lórí abo funfun.

Inú òfin àbáláyé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (common law) tí àwọn kóòtù wa jogún ni èyí ti wá. Ẹni tó bá fi ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mú kí nǹkan oníǹkan níye lórí sí i lè dì í mú títí wọ́n á fi sanwó iṣẹ́. Mẹkáníìkì tó tún ẹ́ńjìnnì mọ́tò ṣe lẹ́tọ̀ọ́ yìí. Ẹni tó kàn fún mọ́tò láyè nínú ọgbà rẹ̀ ò ní in. Lọ́dún 1828, nínú ẹjọ́ Bevan v Waters, kóòtù gbà fún ẹni tó ń kọ́ ẹṣin eré ìje. Lọ́dún 1839, nínú Jackson v Cummins, wọn ò gbà fún ẹni tó kàn ń fún màlúù ẹlòmíì ní koríko jẹ. Ẹ má sì fi ti Amẹ́ríkà ṣe àwòkọ́ṣe: ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ níbẹ̀ ló ṣe òfin tó fún onílé ẹṣin láṣẹ lórí owó oúnjẹ. Òfin tiwọn nìyẹn.

Ẹ̀tọ́ tí mo ní lórí akọ pupa yìí gan-an ò le tó bí ẹ ṣe rò. Bí mo bá jẹ́ kí olówó rẹ̀ mú un lọ síbi ìwúyè ní Mápó kó tó sanwó, ẹ̀tọ́ ti bọ́ nìyẹn. Àní bí àdéhùn wa bá fàyè gbà á pé ìgbàkigbà tó bá wù ú ló lè mú un jáde, ẹ̀tọ́ yẹn kò tilẹ̀ sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe dá ẹjọ́ Forth v Simpson nìyẹn lọ́dún 1849. Ó yẹ ká ronú sí i dáadáa, torí òde ìgbéyàwó àti oyè ni ọ̀pọ̀ ẹṣin ìlú yìí wà fún.

Ẹ̀tọ́ láti dì í mú kò sì jẹ́ ẹ̀tọ́ láti tà á. Bí ẹ bá tà á láìsí àṣẹ kóòtù tàbí àdéhùn, onígbèsè ni yóò di olùpẹjọ́. Ẹ ò sì gbọdọ̀ febi pa á. Ìfìyàjẹ ẹranko wà nínú òfin ìwà ọ̀daràn, bó bá sì kú lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin ni ẹ máa fi hàn pé kì í ṣe àìbìkítà yín ló pa á.

Ọlọ́pàá ńkọ́? Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020, abala 32(2), ní wọn ò gbọdọ̀ mú ènìyàn torí pé ó yẹ àdéhùn lásán. Ẹ má gba ibẹ̀ lọ rárá.

Mo dá abo funfun padà, mo sì di gbèsè mi mú. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ tí olówó rẹ̀ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Ẹ bá mi ṣe sùúrù, mo mọ̀ pé owó yín ti pọ̀ lọ́wọ́ mi." Lọ́yà tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tí abala 84 òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 ń béèrè fún ohun tó bá ti inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù jáde, ó wá kọ lẹ́tà sí i pé májísírétì ló kàn. Díẹ̀díẹ̀ lowó fi ń wọlé títí ó fi pé.

Láti ìgbà náà, ẹṣin kan kì í wọ ọgbà mi láìjẹ́ pé a ti tọwọ́ bọ̀wé: iye owó àti ọjọ́ tí a ó máa san án, pé mo lè di ẹṣin mú bí owó kò bá wọlé, pé mo lè tà á lẹ́yìn ìkìlọ̀ tí a kọ sílẹ̀, àti ẹni tó máa sanwó dókítà bó bá ṣàìsàn lóru. Àdéhùn lè fún yín ní ohun tí òfin àbáláyé kò fún yín. Ẹ rí i dájú pé olówó ẹṣin gan-an ló fọwọ́ sí i, kì í ṣe ọmọọṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹṣin, ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà mìíràn ni. Bọ́wọ́ bá há, ẹ tètè sọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá di ẹṣin yín mú lórí owó tí ẹ ò jẹ, ẹ má lọ já kọ́kọ́rọ́ lóru. Ẹ san án, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé torí ẹṣin lẹ ṣe san, pé ẹ ò gbà pé ẹ jẹ ẹ́. Ẹ ya fọ́tò ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀yìn àti ìhà rẹ̀ níṣojú wọn, ẹ mú un lọ, kí ẹ wá lọ béèrè owó yín padà ní kóòtù.