Mushin sí Peckham: oúnjẹ àti eré ìdárayá nígbà tí kò sí ìjà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé kí ló dé tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi yọ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, off-season la wà o. Ní London níbí, àwa abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tá ò tíì fi ẹ̀ṣẹ́ jẹun, láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án wọ oṣù karùn-ún la fi ń jà, tó bá ti di sọ́mà báyìí gbogbo kíláàbù á pa lọ́lọ́, kóòṣì pàápàá á gba họlidé lọ. Ní Mushin ta ló mọ nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Wọ́n á kàn pè ẹ́ lórí fóònù pé ẹnì kan ò wá mọ́ ní Rowe Park, ibi tá a ti ń jà ní Yábàá, ṣé o máa lè jà lọ́la, wàá ti ní bẹ́ẹ̀ ni sà kó o tó rántí pé o ò tíì jẹun àárọ̀. Ìjà tí wọ́n sì ti dá fún ẹ lè má wáyé. National Sports Festival, ìdíje eré ìdárayá gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, èyí tí wọ́n pè ní Edo 2020, Kòrónà dé, oṣù kẹrin 2021 ni wọ́n tó ṣe é, gbogbo àkókò yẹn ńṣe là ń múra bíi pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni.

Aago márùn-ún ìdájí la máa ń sá láti Ìdí-Òrò, a gba Ojúẹlẹ́gba dé Sítádíọ̀mù ní Sùúrùlérè, à ń fo kòtò à ń yẹ dánfó. Òòlù ńlá àti táyà tírélà ni wéètì wa. Tó o bá délé, lọ pọnmi. Ìyẹn ni ò jẹ́ kí n sanra l'Ékòó, kì í ṣe ọgbọ́n orí mi. Níbí bọ́ọ̀sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, lífìtì á gbé ẹ ròkè, wéàháòsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ sì ní ẹ̀rọ tó ń ta bisikíìtì. Èmi tí mò ń jà ní 71 kílò, sọ́mà àkọ́kọ́ mo bá ara mi ní 80.

Kóòṣì mi níbí ò bú mi, ká ní Bàbá Kóòṣì ti Mushin ni, pàṣán ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. (Orúkọ ni gbogbo wa fi ń pe oyinbo yìí o, ọdún kan gbáko ni mo fi ń pè é ní sà kí ẹnu mi tó gbà á.) Ó ní kí n má jẹ́ kó ju kílò mẹ́rin lọ lórí ìwọ̀n ìjà mi, torí òun ò ní gbà kí n máa gbẹ omi ara dà nù tí ìjà bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ohun tá a sì ń ṣe nílé gan-an nìyẹn, a wọ náílọ́ǹ sábẹ́ súwẹ́tà, a sáré nínú oòrùn ọ̀sán, a ń tutọ́ sínú ike. Òòyì kọ́ mi lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní ẹ̀mí mi ò le.

Ó wá kọ oúnjẹ fún mi sínú ìwé: oats, ṣíkìn, bùrọ́kólì. Ó ní kí n máa jẹ pùrótéènì tó 1.6 gíráàmù fún kílò ara kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nǹkan bíi 114 lójúmọ́ fún ẹni 71 kílò. Mo jẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ọjọ́ kan mo yí páálí oats wò lẹ́yìn, 100 gíráàmù ní nǹkan bíi 13 gíráàmù pùrótéènì. Mo wo ti ẹ̀wà gbígbẹ, ó lé ní 20! Ẹ̀wà olóyin tí mò ń sá fún nílé ìyá mi. Bí mo ṣe forí lé Rye Lane, ọjà wa ní Peckham, nìyẹn, mo ra ẹ̀wà, ẹja Titus, ẹ̀fọ́, báyìí mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin méjì ni mò ń jẹ tí mo bá ti jíìmù dé. Ohun tó ń dùn mí ni pé l'Ékòó a mọ oúnjẹ tó dáa, owó ẹyin ni ò sí. Níbí owó ẹyin wà, bisikíìtì ni mo lọ ń rà.

Wàhálà tó kù ni Àǹtí mi tí mò ń bá gbé. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n máa ń ro ẹ̀bà, tí mo bá ní mo ti yó wọ́n á ní ṣé mo ń ṣàìsàn ni. Ẹ̀bà ò ṣe mí ní nǹkan kan o, àárọ̀ ọjọ́ tí mo bá fẹ́ sá káàkiri Burgess Park ni mo fẹ́ ẹ.

Oòrùn nìkan ni mi ò rí rà. Tó bá ti di oṣù kẹwàá, ti ibí ò lágbára tí ara fi lè ṣe fítámì D mọ́, NHS, àjọ ìlera ìjọba ibí, ní kí gbogbo èèyàn ronú àtimáa lo 10 máíkírógíráàmù lójúmọ́ nígbà òtútù, àwa aláwọ̀ dúdú sì lè máa lò ó yípo ọdún. Oòrùn tá à ń bú nílé, inú ike ni mo ti ń gbé e mì.

Bàbá Kóòṣì pè mí lórí WhatsApp lánàá, wọ́n ní kí n bọ́ ẹ̀wù kí àwọn wo ikùn mi. Wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni ìjà, mo ní oṣù kẹsàn-án sà. Wọ́n ní, "Oṣù wo la wà?" Mo ní oṣù keje. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ta ni wọ́n wá ní o máa bá jà kó tó di ìgbà yẹn?"