Àyẹ̀wò ọdún: ọdún tí fèrè mi dákẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú òpin ọdún o. Àwọn tó ti ń bá mi bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́ mọ̀ pé ìparí ọdún ni mo máa ń jókòó ka gbogbo ẹ̀, òde tá a lọ, ọmọ tó wá kọ́ fèrè tìráǹpẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ mi, ẹni tó jẹ wá lówó. Tọdún yìí ò gùn láti kà. Eyín ni. Eyín iwájú kan ṣoṣo.

Oṣù kejì, mo wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwà láti Òjóò, mò ń lọ sí rìhásà, táyà iwájú já sí kòtò, ẹnu mi lọ gbá irin ẹ̀yìn dẹ́rẹ́bà. Fèrè tó wà lórí itan mi ò fara pa rárá. Àwọn èèyàn ń sọ pé ẹ dúpẹ́ pé ojú kọ́, mo sì dúpẹ́ lóòótọ́, mo ṣì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fọn tìráǹpẹ́ẹ̀tì á mọ ohun tó ń dùn mí. Ètè ló ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde, eyín ló dúró lẹ́yìn ẹ̀ bí ògiri, ògiri yẹn sì ni ẹnu fèrè ń fara tì. Tí ògiri bá ti lu, ètè á máa wọ inú ihò, atẹ́gùn á máa gba ẹ̀gbẹ́ sá lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mo gbé e sẹ́nu, sò ìsàlẹ̀ tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń mú, kò jáde. Ó kàn ń ṣe fùùù. Mo dá a padà sínú àpótí, mo lọ gbálẹ̀ tí ìyàwó mi ti gbá láàárọ̀, òun náà ò bi mí ní nǹkan kan.

Oníṣègùn tí mo kọ́kọ́ rí ní kí n wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ìkejì ní kí n mú ẹnu fèrè wá, kóun rí ibi tó ń jókòó sí kóun tó wọn eyín tuntun. Ọlọ́run á bá mi san án fún un.

Àwọn ọmọ ò dáwọ́ dúró ṣá, Sátidé-Sátidé, àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Tẹ́lẹ̀, tọ́mọ bá ti ṣì í, màá gba fèrè lọ́wọ́ ẹ̀, màá fọn ọ́n, ó parí. Báyìí ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló kù fún mi. Mo wá ń mú wọn kọrin kí wọ́n tó fọn. Mo ṣàlàyé ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pé láì tẹ bọ́tìnnì kankan fèrè á fún ẹ ní dò, sò, dò òkè, mí, sò, pé bọ́tìnnì àárín ń fa ohùn wálẹ̀ ní ìlàjì ìṣísẹ̀ kan, èyí àkọ́kọ́ ní odindi ìṣísẹ̀, ìkẹta ní odindi àti ààbọ̀, inú ìyẹn ni gbogbo ohùn yòókù ti ń wá. Ọjọ́ kan mo ní kí wọ́n fi fèrè sọ̀rọ̀. Dò, rè, mí, ohùn èdè wa náà ni. Ọmọ kan á fọn rè-rè, rè-mí tàbí rè-dò, àwọn tó kù á sọ bóyá ọkọ ni, ọkọ́ ni, àbí ọkọ̀. Ariwo yẹn! Láàárín oṣù méjì etí wọn ti là ju ti àwọn tí mo fi odindi ọdún kọ́ tẹ́lẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án ni Ọ̀gá mi nídìí fèrè kú. Ẹ mọ̀ wọ́n, àwọn tí mo máa ń sọ pé tí wọ́n bá dárúkọ Victor Olaiya, àgbà olórin háílàìfù tó ń fọn tìráǹpẹ́ẹ̀tì, níwájú wọn wọ́n á ṣí fìlà, àwọn tó jókòó síwájú ilé lóṣù kejì 2020 tí Olaiya kú, tí wọ́n fọn fèrè títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n ti sọ fún mi ọjọ́ pẹ́ pé èmi ni màá fọn fèrè fáwọn níbi sàréè. Eyín tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́nu mi. Ọmọ Ìyá Alágbo, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ló fọn ọ́n, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, èmi bá a di ìwé mú nítorí atẹ́gùn. Nígbà tó dé ìlà kejì, ibi tí Ọ̀gá máa ń mí gan-an ló ti mí. Kò gbọ́ wọn rí. Ọ̀dọ̀ mi ló ti mú un, mi ò sì mọ̀ pé mo fún un.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọmọ kékeré inú wọn. Ó fọn fèrè títí bọ́tìnnì ẹ̀wù ẹ̀ fi já, ìyá ẹ̀ wá bi mí bóyá a lè gbà á láyè kó máa bá òun fẹ́ iná àdògán láàárọ̀, torí èédú ti wọ́n. Ọmọ náà gbà! Ó ní kí wọ́n ṣá san owó.

Ìṣẹ́jú méjìlá ni mò ń fọn lójúmọ́ báyìí, ohùn gígùn nìkan, mi ò kánjú. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo mú sò òkè lẹ́ẹ̀mejì, ìkẹta yẹ̀. Ní àìsùn ọdún tuntun ipa fèrè kẹta ni màá dì mú, ọmọ Ìyá Alágbo ló máa mú àkọ́kọ́. Ó ti ní kí n má pẹ́ dé o, aago mẹ́sàn-án lá máa bẹ̀rẹ̀ rìhásà.