Báàgì Ẹní Ògòtún: Kí Ló Dé Tó Fi Wọ́n?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Látìgbà tí mo ti gbé fọ́tò àwọn báàgì tuntun sórí Instagram, ìbéèrè kan ló kún WhatsApp mi, pé kí ló dé tí báàgì ẹní fi wọ́n tó báyìí, nígbà tí báàgì Ṣáínà wà lọ́jà l'Ádó níbí tówó ẹ̀ ò tó ìdajì. Mo ti ń dá yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ó ti pọ̀ jù, ẹ jẹ́ n kúkú kó gbogbo ẹ̀ síbí, kẹ́ni tó bá fẹ́ mọ̀ rí i kà.

Inú igbó ni báàgì yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ rí l'Ékìtì mọ ewé eéran, òun náà la fi ń pọ́n ẹ̀kọ, òun la fi ń wé iyán. Ó dà bíi pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé ọ̀pá tó gbé ewé yẹn dúró làwọn ìyá Ògòtún fi ń hun ẹní. Ewé lọ sídìí ìkòkò, ọ̀pá lọ sọ́dọ̀ ahunní, kódà èso pupa tó máa ń so nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí ẹ̀, ohun tó wà nínú ẹ̀ làwọn onísáyẹ́ǹsì yọ jáde lọ́dún 1972 tí wọ́n pè é ní thaumatin, ó dùn ju ṣúgà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 2,000, wọ́n sì ń fi sí oúnjẹ káàkiri ayé. Ewéko kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo ìyẹn o, kò béèrè fátiláísà, kò béèrè ká bomi rin ín, abẹ́ ìbòòji igi ló fẹ́ràn. Tẹ́ ẹ bá gé èyí tó gbó, gbòǹgbò ẹ̀ tó ń rìn nínú ilẹ̀ á tún ta òmíràn sókè. Ìdí tí mo fi gbà pé báàgì yìí dáa fún ilẹ̀ wa nìyẹn, ká tó sọ̀rọ̀ ẹwà rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ ò dé Ògòtún rí, ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù Èkìtì ló wà, tẹ́ ẹ bá ti gba Ìláwẹ̀ kọjá sí Ìgbàrá-Odò, ẹ ti fẹ́ débẹ̀. Obìnrin ló ń hun ẹní níbẹ̀, ọmọ ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ìyá, ìyá kọ́ ọ lọ́wọ́ ìyá tiẹ̀. Wọ́n á gé ọ̀pá eéran lóko, wọ́n á fi ọ̀bẹ là á, wọ́n á ha inú ẹ̀ tó rọ̀ kúrò, èèpo òde tó dán tó sì le ni wọ́n á mú. Wọ́n á sá a sóòrùn, èyí tí wọ́n bá fẹ́ pa láró wọ́n á sè é mọ́ aró, wọ́n á tún sá a. Tó bá wá di ọjọ́ híhun, wọ́n á wọ́n omi sí i kó rọ̀ kó má baà ṣẹ́, wọ́n á jókòó nasẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sí ẹ̀rọ, kò sí pé à ń retí NEPA. Màmá kan wà tí mo máa ń gba ẹní lọ́wọ́ wọn, wọn kì í wo ọwọ́ wọn tí wọ́n bá ń hun. Wọ́n á máa bá mi sọ̀rọ̀ ìnáwó ọmọ wọn, ìka wọn á máa gbé èèpo yẹn ní méjì méjì, ọ̀kan lábẹ́, ọ̀kan lókè, tó bá wá kan ibi tó yẹ kí pupa wọlé, ọwọ́ yẹn á kàn lọ sábẹ́ itan fúnra ẹ̀ níbi tí wọ́n to pupa sí, á fà á yọ, ọ̀rọ̀ ìnáwó ò sì dúró. Mo ti wo eléyìí àìmọye ìgbà, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Ẹ wá gbé ìyẹn síbi báàgì olówó pọ́ọ́kú. Awọ tí ẹ rí lára ẹ̀ yẹn kì í ṣe awọ, aṣọ tí wọ́n fi ọ̀rá kùn lójú ni. Àwọn ọ̀rá kan ń jẹ́ PVC, àwọn kan ń jẹ́ PU, epo rọ̀bì sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe àwọn méjèèjì. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, ẹ gbé e sínú wọ́dúróòbù, òjò ọdún kan sí méjì kọjá, ẹ fẹ́ gbé e lọ sóde, ó ti ń bó, ara ẹ̀ ń já sí aṣọ yín lára. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wa níbí ló ń ba PU jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò ṣeé tún ṣe, ààtàn ló kàn, kò sì ní jẹrà ní ààtàn o, ẹni tó bá tún ní kóun dáná sun ún, èéfín PVC májèlé gidi ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sun ún láàrin ilé pẹ̀lú àwọn ọmọ.

Àmọ́ o, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ohun tó bá ti jáde látinú igbó ti mọ́ tán nìyẹn. Mo rí àwọn tó ń ta yẹtí ìko àti fìlà ìko lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pariwo eco-friendly, mo sì fẹ́ kí wọ́n máa sọ ibi tí wọ́n ti ń rí ìko. Ara ọ̀gọ̀rọ̀ la ti ń fà á, ewé tuntun tó wà láàrin tí ò tíì ṣí ni wọ́n máa ń bẹ́. Igi ọ̀gọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń so láyé ẹ̀, tó bá ti so tán ó ń kú lọ nìyẹn. Tẹ́ni tó ń fa ìko bá wá ń bẹ́ gbogbo ewé tuntun ẹ̀, tẹ́ni tó ń dá ẹmu náà tún gé orí ẹ̀ kó tó so, igi yẹn á kú láìfi ọmọ sílẹ̀. Àkùrọ̀ tí ọ̀gọ̀rọ̀ ń hù sí gan-an, ilé la ń kọ́ sí i báyìí. Torí ẹ̀ ni mi ò fi ń gba ìko lọ́wọ́ ẹni tí mi ò mọ ọ̀nà tó ń gbà gé e.

Eéran náà ń ṣọ̀wọ́n o, ọ̀rọ̀ tó sì ń dùn mí jù lónìí nìyí. Nígbà tí mo ní kí Màmá yẹn bá mi dín owó ẹní kù, ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ọmọ mi, ẹní kọ́ ló wọ́n o, eéran ló wọ́n." Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń gé e nígbà kan, abẹ́ kòkó bàbá wọn ló kún. Ní báyìí àfi kí wọ́n rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń lọ jìnnà. Mo béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ní oògùn koríko ni. Mo wá lọ kà nípa ẹ̀, mo rí i pé òótọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n sọ. Oògùn tí àwọn àgbẹ̀ wa ń fọ́n lábẹ́ kòkó, èyí tó ní kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní glyphosate nínú, kì í kàn án jó ewé, ewé ló ń gbà wọlé tó ń bá inú igi lọ sí gbòǹgbò. Ẹni tó fi àdá ro oko, eéran ẹ̀ á tún hù. Ẹni tó fọ́n oògùn, gbòǹgbò ẹ̀ ló pa, ó di kó tún wá a gbìn. Mi ò dá àgbẹ̀ lẹ́bi, ẹni tó ń ro oko ti wọ́n, àwọn ọ̀dọ́ ti wá sígboro. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò, ẹní tó ti wà látayébáyé, oògùn inú kẹ́ẹ̀gì lè parí ẹ̀ láàárín ìran kan.

Ohun tí mo ń ṣe sí i nìyí. Àwọn àgbẹ̀ kan wà tí mo ti bá sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n má fọ́n oògùn dé apá ibi tí eéran wà lábẹ́ kòkó wọn, kí wọ́n fi àdá ro ibẹ̀, mo máa ra ọ̀pá eéran yẹn lówó gidi, àwọn olóúnjẹ á sì ra ewé. Láti January 2024 tí ìjọba Èkó ti ní káwọn olóúnjẹ má fi abọ́ fóòmù bu oúnjẹ mọ́, mo rò pé ó yẹ ká rí owó tó wà nínú ewé yìí. Owó ọ̀pá yẹn wà nínú owó tí ẹ ń san lórí báàgì, mi ò fi pa mọ́.

Aró ńkọ́? Aró òyìnbó tó jẹ́ lẹ́búlẹ́bú ló yá jù, àwọ̀ ẹ̀ a sì máa tàn, àmọ́ omi tí wọ́n bá sè é tán, pàápàá tí kọ́ọ́sítì sódà bá wà níbẹ̀, gọ́tà ni wọ́n ń dà á sí, gọ́tà á sì gbé e lọ sódò. L'Ádó níbí, ẹ̀yin ẹ wo odò Àjìlósùn, ṣé ó tún yẹ ká máa fi aró kún ẹrù tó wà lọ́rùn ẹ̀? Nítorí náà ẹ̀lú ni mo ń lò fún búlúù, pòròpórò ọkà bàbà fún pupa. Fún pupa tó ṣókùnkùn díẹ̀, ewé tíìkì ni, tíìkì sì pọ̀ nílẹ̀ wa. Ẹ já ewé ẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ẹ fi ra ọwọ́ pọ̀, ẹ á rí bí àtẹ́lẹwọ́ yín á ṣe pupa. Álọ́ọ̀mù díẹ̀ la fi ń mú kó di ara èèpo mú. Yẹ́lò atalẹ̀ pupa mo ti pa á tì, oòrùn máa ń pa á rẹ́ kíákíá, mi ò fẹ́ ta ohun tó máa ṣá fún kọ́sítọ́mà.

Inú báàgì wá ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rán báàgì ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ìta jẹ́ ẹní, inú jẹ́ aṣọ ọ̀rá, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù ṣúmékà lẹ̀ ẹ́ pọ̀, òórùn ẹ̀ nìkan á máa yí èèyàn lórí. Ẹni tó lẹ báàgì báyẹn ti so ẹní mọ́ ọ̀rá tí wọn ò ní lè ya ara wọn mọ́, wọn ò ní jọ jẹrà. Èmi, tẹ́rù tàbí àjẹkù àdìrẹ tó jẹ́ òwú ni mo ń fi ṣe inú, òwú náà la fi ń rán an lọ́wọ́, kò sí gọ́ọ̀mù. Ìsàlẹ̀ tó gbọ́dọ̀ le, àpò kòkó àtijọ́ la gé sí i ní ìlọ́po. Àpò kòkó yẹn, ara ewédú ni wọ́n ti ń fa okùn ẹ̀ o, ewédú tá à ń jẹ yìí, Íńdíà àti Bangladesh ni wọ́n ti ń gbìn ín fún okùn. Awọ ọwọ́ báàgì ń wá láti òkè Ọya, awọ ewúrẹ́ tí wọ́n fi èso igi bàgàrúwà ṣe, mi ò ra èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà chrome ṣe. Bọ́tìnì, èèpo àgbọn ni.

Tẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rá wé e pa mọ́, á bu lásìkò òjò. Tí omi bá ta sí i, ẹ nù ún, ẹ fẹ́ ẹ sí atẹ́gùn, oòrùn díẹ̀ náà ò burú. Tí etí ẹ̀ bá tú, ẹ gbé e padà wá, mi ò gba owó àtúnṣe, àwọn ìyá yẹn á fi èèpo tuntun dí i, ojú ibẹ̀ ò ní hàn.

Síìpù nìkan ló ṣẹ́kù tí mi ò tíì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Báàgì kékeré ti ń fi bọ́tìnì àgbọn dé, pọ́ọ̀sì náà, àmọ́ ẹni tó ń wọ ọkọ̀ lọ s'Ékòó pẹ̀lú owó nínú báàgì fẹ́ síìpù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Síìpù ọ̀rá ni wọ́n ń tà káàkiri. Èyí tí mò ń ṣe báyìí ni kí n máa tú síìpù irin lára jíǹsì òkirikà tó ti ya, irin ẹ̀ máa ń pẹ́ ju aṣọ ẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹni tó bá ní irú jíǹsì bẹ́ẹ̀ nílé, sòkòtò ọmọ àbí ti àgbà, ẹ má dà á nù, ẹ fi méséèjì ránṣẹ́ sí mi kí n wá gbé e, màá yọ iye síìpù ọ̀hún kúrò nínú owó báàgì yín.