Ẹnu wa àti ẹnu wọn lórí ọ̀rọ̀ wèrè

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé London, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ òru. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyá òyìnbó tá a jọ ń ṣiṣẹ́ wá kọ́kọ́rọ́ títí, kò rí i. Ló bá fọwọ́ gbá orí ara ẹ̀, ó ní "marbles" òun ti sọnù, ìyẹn dígí róbótó tọ́mọdé fi ń ṣeré. Ohun tó ń wí ni pé orí òun ti dàrú. Kí n tó mọ̀, mo ti ké: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o!" Ẹ̀rù bà á, ó rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Níbí, ara wọn ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Wọ́n á ní iṣẹ́ ti lé àwọn kọjá kọ́nà, wọ́n á sì máa mu tíì wọn lọ. Nílé, ẹlòmíì la máa ń jù ú lù. Kí ọlọ́kadà kan ṣáà ya mọ́ onítakisí níwájú ní Pánṣẹ́kẹ́: "Ṣé orí ẹ pé? Wèrè!" Ṣùgbọ́n ta ló máa fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun ti ya wèrè? Tọ́mọ bá da ìyá láàmú títí, "Ẹ fẹ́ sọ mí di wèrè" nìyá máa wí, á sì tún fi "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" tì í.

Àwọn náà ò ṣàdédé rọ̀ báyìí. "Bedlam" tí wọ́n ń pe ibi tó bá ti rí rúdurùdu, orúkọ ilé ìwòsàn ni: Bethlem, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London lọ́dún 1247, tó ṣì ń gba aláìsàn ní Beckenham dòní. Láyé ijọ́un, àwọn èèyàn a máa lọ wo aláìsàn níbẹ̀ bí ẹni wòran.

Àwa náà ti sọ orúkọ Aró, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà l'Ábẹ́òkúta, di èébú, ó sì ń dùn mí. Lọ́dún 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀: aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé, ẹbí ẹ̀ ń se oúnjẹ fún un, ó ń gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Iṣẹ́ ńlá! Àwa tá a dàgbà l'Ábẹ́òkúta ńkọ́? "Ará Aró" la fi ń bú ara wa ní kíláàsì.

Àbúrò màmá mi gba ìtọ́jú níbẹ̀, ara ẹ̀ sì yá. Wọ́n ní wèrè tó bá ti wọjà ò ṣeé wò mọ́. Àǹtí wà lọ́jà Ìtòkú lójoojúmọ́, ó ń ta àdìrẹ, kò ṣi kọ́bọ̀ kan kà rí. Síbẹ̀, nígbà tí ìdílé kan fẹ́ fẹ́ ọmọ ẹ̀, wọ́n ṣèwádìí, wọ́n gbọ́, wọn ò sì padà wá mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pè é. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oògùn òun tán ni.

"Ní Aró, àbí?"

"Rọra sọ̀rọ̀," ló wí, ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀, "inú mọ́tò ni mo wà."