Kí Ẹ Tó Tẹ Nǹkan Sára Aṣọ, Ẹ Wádìí Ohun Tí Wọ́n Fi Hun Ún

Àwòrán ni ọ̀pọ̀ oníbàárà máa ń kọ́kọ́ nà sí mi lórí fóònù bí wọ́n bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Ṣómólú. "Ẹ bá mi tẹ èyí sára pólò 100, kó hàn ketekete o." Mo máa ń ní kí wọ́n gbé fóònù tì ná, kí wọ́n fi aṣọ hàn mí. Nínú gbogbo ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi, èyí ló ṣe pàtàkì jù: aṣọ ló ń sọ bí a ó ṣe tẹ nǹkan sí i lára. Àwòrán kọ́, ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ kọ́.

Ẹ má gbára lé ohun tí wọ́n kọ sọ́rùn aṣọ. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ ní ìṣẹ́tí rẹ̀, ẹ ṣáná sí i. Bó bá jẹ́ òwú, á jó, á rùn bíi bébà, eérú rẹ̀ á sì kúnná. Bó bá jẹ́ pọ́líẹ́sítà, á sún kì, á yọ́, bó bá tutù, á di kókó dúdú líle tí èékánná kò lè fọ́. Bí ẹ bá rí eérú, tí ẹ tún rí kókó, àdàlù ni.

Bó bá jẹ́ òwú, tí aṣọ sì pọ̀, screen ni kí ẹ lò, ìyẹn àwọ̀n tí wọ́n nà mọ́ férémù, tí íǹkì ń gba ojú rẹ̀ bọ́ sára aṣọ. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní screen tiẹ̀. Ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi máa ń ga fún pólò 5, tó sì máa ń rọjú fún 200. Gbígbẹ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Íǹkì plastisol, tó ní ike nínú, tí wọ́n fi ń tẹ screen, kì í gbẹ nínú oòrùn, bó ti wù kí oòrùn mú tó. Ó gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 160°C kó tó jinná. Bó bá tutù tán, ẹ fa ibi tí ẹ tẹ̀. Bó bá là, ẹ dá a padà sábẹ́ iná.

Ẹni tó ń sìnkú ìyá rẹ̀, tó fẹ́ fọ́tò màmá sáyà pólò díẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ, kò nílò screen. DTF (direct-to-film) ló máa gbé ojú màmá jáde tòun ti gèlè rẹ̀, ì báà jẹ́ òwú, ì báà jẹ́ pọ́líẹ́sítà, kódà lórí aṣọ dúdú. Sára ọ̀rá ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n á da páúdà gọ́ọ̀mù sí i, wọ́n á wá fi heat press, ẹ̀rọ tó ń fi iná tẹ nǹkan, lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé ohun tó wà lẹ́yìn màmá nínú fọ́tò náà kúrò. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní gbàgàdà onígun mẹ́rin, atẹ́gùn kò ní gbabẹ̀ wọlé, òógùn á sì ti bo ẹni tó wọ̀ ọ́ kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ibi jíjẹ mímu. Ọjọ́ ẹ̀yẹ ìyá ẹni kì í ṣe ọjọ́ tó yẹ kéèyàn máa fa aṣọ kúrò láyà.

Jẹ́sì bọ́ọ̀lù, sublimation ló ni í, ìyẹn fífi iná sọ àwọ̀ orí bébà di ti aṣọ. Ní nǹkan bí 200°C, àwọ̀ á di oru, á wọnú pọ́líẹ́sítà lọ, ọwọ́ kò sì ní mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Kò ní íǹkì funfun, nítorí náà aṣọ funfun tàbí èyí tó mọ́lẹ̀ ló ń gbà á. Lórí òwú, á ṣí kúrò bí ẹ bá fọ̀ ọ́. Iná kan náà yìí ló ń fa ohun tó ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu: ẹ tẹ funfun sórí pólò pupa tó jẹ́ pọ́líẹ́sítà, kò pẹ́, funfun di píǹkì. Aró aṣọ náà ló gòkè. Ẹ dín iná kù, kí ẹ sì lo íǹkì tí wọ́n ṣe fún irú aṣọ bẹ́ẹ̀.

Fún fìlà àti yunifọ́ọ̀mù, mónógíráàmù, ìyẹn èyí tí ẹ̀rọ ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán sára aṣọ, ló ń pẹ́ jù. Ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà kéré jù, òwú á dì pọ̀, kò ní ṣe é kà.

Àwọn ìyá wa tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti mọ̀rọ̀ aṣọ yìí tipẹ́. Láfún tí wọ́n sè ni wọ́n fi ń ya ọnà, kí aró má baà mu ibẹ̀. Òwú sì ni wọ́n ń lò, torí elú kì í mú pọ́líẹ́sítà. Bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ àmì wọn sára àdìrẹ, Ìtòkú l'Abẹ́òkúta ni mo ń darí wọn sí. Mi ò ní tẹ ayédèrú rẹ̀ fún wọn.

Èyí tó wù kí ẹ yàn, ẹ tẹ ẹyọ kan ṣáájú. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, kí ẹ wá fọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe ń fọṣọ nílé: ẹ fi ọṣẹ gbo ó, ẹ fún un, ẹ sá a. Bó bá gbẹ, ẹ pe oníbàárà wá wò ó kó tó san ìyókù owó.